Síkáànù Oṣù Kẹfà Tí N Kò Lọ Ṣe

Ìlọfà,
Ìpínlẹ̀ Kwara.
Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹsàn-án, ọdún 2025.

Ọ̀rẹ́ mi tòótọ́, Àlàájà Misturah, Ìyá Asiat,

Mo kí ọ tayọ̀tayọ̀. Ara rẹ ńkọ́? Àlàájì ńkọ́, ṣé eékún rẹ̀ ti fi í lọ́rùn sílẹ̀? Asiat àti àwọn ọmọ rẹ̀ ńkọ́? Àdúrà mi ni pé kí ìwé yìí bá gbogbo yín ní àlàáfíà, kí ó sì bá ìwọ lórí ìjókòó lẹ́yìn tí o bá ti jẹun tán, nítorí ohun tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń fi ebi kà. Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Òjò ń rọ̀, iṣu tuntun ti kún ọjà, àwọn ọmọ ilé-ìwé mi sì ń padà bọ̀ lọ́la.

O ó máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí mo fi ń kọ lẹ́tà sí ọ nígbà tí fóònù wà lọ́wọ́ àwa méjèèjì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè ọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá láti sọ ọ̀rọ̀ yìí. Lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bí o bá ti ní, "Ìbídùn, kí lo jẹ lónìí?", ẹnu mi á wúwo, a ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ọmọ àti ọ̀rọ̀ ìlú títí ilẹ̀ á fi ṣú. Bébà kì í já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ẹni. Òun ni mo fi sá wá bá ọ.

Ọpẹ́ ni n ó fi ṣáájú. Àyẹ̀wò tí mo ṣe ní Ìbàdàn ní oṣù kẹjọ dára. Mo ti sọ ọ́ fún ọ, ṣùgbọ́n ó wù mí kí n fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́: kò sí àpò omi kankan mọ́ nínú mi, ojú iṣẹ́ abẹ ti san, mo sì ń jẹun. Lẹ́yìn Ọlọ́run, ìwọ ni, Misturah. Láti ọdún 2022 tí wàhálà yìí ti bẹ̀rẹ̀, n kò wá ibùsùn rí ní Ìlọrin. Yàrá tí Asiat fi sílẹ̀ nígbà tó lọ sílé ọkọ, èmi lo fún. O ra Bíbélì kan síbẹ̀, ìwọ Mùsùlùmí, nítorí o ní mo lè gbàgbé tèmi sílé. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá wá ṣe síkáànù, ìwọ lò ń di àpò mi mú, ìwọ lò ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì ìta, tí o ó máa fi tẹ̀sùbáà ṣe àdúrà fún mi títí wọ́n á fi pè mí jáde. Ọ̀nà wo ni mo fẹ́ gbà san èyí?

Ìwọ náà mọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n tò ó bó ti rí, kí n má baà fo ibi tó le. Láti ìpàdé àwọn olùkọ́ àgbà ní Odò-Ọwá ni mò ń bọ̀ lọ́jọ́ náà, ní oṣù kẹfà ọdún 2022. Òjò ti ba ọ̀nà jẹ́, táyà ọ̀kadà yọ̀, mo sì ṣubú fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Nígbà tí ìrora ẹ̀gbẹ́ náà kò lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, mo wá sí Ìlọrin kí wọ́n lè wò ó bóyá nǹkan ti já nínú mi. Kò sí ohun tó já. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ síkáànù, Fẹ́yìsayọ̀, dá ọwọ́ dúró síbì kan, ó tún gbé e padà síbẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mí sínú díẹ̀ sí i." Ó rí àpò omi kékeré kan, tí kò ju hóró àgbálùmọ̀ lọ, ní ìrù páńkíríásì mi. Ẹlòmíràn ì bá wo ẹ̀gbẹ́ tí mo wá torí rẹ̀, kí ó sì ní kí n máa lọ.

Èmi tí mo ti ń kọ́ ọmọ láti nǹkan bí ọdún márùndínlógójì, n kò mọ̀ pé ohun kan ń jẹ́ páńkíríásì. Dókítà fi bírò yà á fún mi: ẹ̀yà ara gígùn kan tó sùn sẹ́yìn àpò oúnjẹ, tó ń ṣe omi tí oúnjẹ fi ń dà, tó sì ń ṣọ́ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Ó ní, "Èyí kì í ṣe jẹjẹrẹ, màmá. Ṣùgbọ́n irú àpò yìí lè di jẹjẹrẹ lọ́jọ́ iwájú. Ọ̀pọ̀ ni kì í dì í. Iṣẹ́ abẹ ibẹ̀ sì le, a kì í dédé ṣe é. Nítorí náà, ṣíṣọ́ la ó máa ṣọ́ ọ. Ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà, ẹ ó máa wá ká wò ó." Mo bi í pé oògùn wo ni n ó máa lò. Ó ní kò sí oògùn, wíwá yẹn gan-an ni oògùn náà.

Mo lò ó. Oṣù kejìlá, mo wá. Oṣù kẹfà, mo wá. Oṣù kejìlá ọdún 2023, mo tún wá. Lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Fẹ́yìsayọ̀ á wọ̀n ọ́n, á ní, "Ibi tó wà ló wà, màmá." Àwa méjèèjì á sì ra ẹja díndín ní ọ̀nà ilé rẹ, a ó máa rẹ́rìn-ín bí ìgbà tí a wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì.

Oṣù kẹfà ọdún 2024 ni mo fẹ́ sọ. Ìwọ ti lọ sí Mẹ́kà nígbà náà. Kí o tó lọ, o pè mí, o ní, "Ìbídùn, àìsí mi kò ní kí o má lọ o. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ Asiat." Mo ní mo ti gbọ́.

Misturah, n kò lọ.

Mo sọ fún ara mi pé àwọn alábẹ̀wò ilé-ìwé ń bọ̀ lọ́sẹ̀ náà. Òótọ́ ni, wọ́n wá, ṣùgbọ́n ọjọ́ kan péré ni wọ́n lò. Mo tún ní ọ̀nà ti bàjẹ́. Ìgbà wo ni ọ̀nà wa kì í bàjẹ́ ní oṣù kẹfà? Òtítọ́ rẹ̀ ni pé ó ti sú mi. Kò sí ibi tó ń dùn mí. Mo ń gun òkè, mo ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin, síbẹ̀ ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà mo ní láti lọ dùbúlẹ̀ bí òkú kí wọ́n sọ fún mi bóyá mo ṣì wà láàyè. Ọ̀sẹ̀ tó máa ń ṣáájú rẹ̀, n kì í lè gbé oúnjẹ mì. Mo wá rò ó pé bí n kò bá lọ wò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo yìí, ó dà bí ẹni pé kò sí. Fẹ́yìsayọ̀ pè mí lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ náà. N kò gbé e.

Lẹ́yìn náà ni ìwọ pè láti Mẹ́kà. Ariwo èrò pọ̀ lẹ́yìn rẹ, ohùn rẹ ti há. O ní, "Mo dárúkọ rẹ ní òkè Àráfà. Mo pè é tán pátá, Ìbídùnní ọmọ Ìlọfà. Kí ni síkáànù wí?" Kí ni mo fẹ́ sọ fún ẹni tó dárúkọ mi níbẹ̀ yẹn? Mo ní, "Ibi tó wà ló wà." Ọ̀rọ̀ ọmọlọ́mọ ni mo jí sọ. O ké "Àlùàmúdùlílààì!" tó bẹ́ẹ̀ tí mo gbé fóònù jìnnà sí etí.

Nígbà tí o dé, o ní o gbọ́dọ̀ ṣe sàráà nítorí mi. O dín màsà, o pín in fún gbogbo ọmọ àdúgbò, o sì fi omi Sámúsámù àti dàbínù tí o mú bọ̀ láti Mẹ́kà ránṣẹ́ sí mi. Mo jẹ dàbínù náà, Misturah. Mo jẹ ẹ́ tán, kò sì sí èyí tó dùn lẹ́nu mi nínú rẹ̀.

Ní ìparí oṣù kọkànlá, a lọ sìnkú ẹ̀gbọ́n ọ̀kan nínú àwọn akọrin wa ní Ọ̀bọ-Ayégúnlẹ̀. Ọkùnrin náà kò tí ì pé ẹni ọgọ́ta ọdún. Ìyàwó rẹ̀ ń sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀ fún àwa tó jókòó tì í: ó ní ojú rẹ̀ kọ́kọ́ pọ́n bí ẹni tó ní ibà pọ́njú, ó ní ẹ̀yìn ń dùn ún, kí wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn ńlá, wọ́n ní láti inú páńkíríásì ni, ó ti ràn, kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe mọ́. Ó wá ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, bí ẹnì kan bá ti sọ fún wa pé nǹkan wà níbẹ̀ ni!" N kò lè gbé orí sókè. Èmi, wọ́n ti sọ fún mi. Ọdún méjì ààbọ̀ ni wọ́n ti sọ fún mi.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá Bàbá Tófúnmi lẹ́yìn ilé níbi tó ti ń pọ́n àdá, mo jẹ́wọ́ fún un. Ìwọ mọ ọkọ mi, Bándélé kì í pariwo. Ó fi àdá sílẹ̀, ó wọlé, ó wẹ̀, ó wọ aṣọ tó ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó jáde, ó ní, "Ó yá, ká máa lọ." Mo ní, "Bàbá Tófúnmi, ọjọ́ Àìkú nìyí, wọn kò ní dá wa lóhùn ní ilé ìwòsàn." Kò bọ́ aṣọ náà. Lẹ́yìn ìsìn, ó jókòó nínú rẹ̀ ní pálọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kò sì bá mi sọ ju gbólóhùn kan lọ: "Wàá sọ fún Misturah." Mo ní n ó sọ. Ní ọjọ́ kejì ó mú mi gba Òmù-Àrán wá sílé rẹ, ó fà mí lé ọ lọ́wọ́, ó sì padà sí oko rẹ̀ pẹ̀lú èrò pé mo máa sọ ọ́.

N kò sọ. O rò pé àyẹ̀wò oṣù mẹ́fà mi ló tún pé, ni o bá gbé tẹ̀sùbáà rẹ, a sì lọ.

Ìwọ náà mọ ohun tí wọ́n rí lọ́jọ́ náà. Àpò omi náà ti tó ẹyin ẹyẹlé. Ihò tó gba inú páńkíríásì kọjá ti fẹ̀, kókó kékeré kan sì ti hù lára ògiri àpò náà nínú. Dókítà ní kí n lọ sí Ìbàdàn kíákíá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọ̀ọ̀dẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ dókítà ni ìwọ kò mọ ìdí rẹ̀. Nígbà tí mo jáde, mo bá ọ ní ìdúró lórí Fẹ́yìsayọ̀. Ò ń sọ pé, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ojú rẹ fọ́ ní oṣù kẹfà ni? O ní ibi tó wà ló wà! Láàárín oṣù mẹ́fà, hóró àgbálùmọ̀ di ẹyin ẹyẹlé? Kí lò ń wò? Fóònù lò ń tẹ̀!" Àwọn aláìsàn tó wà lórí bẹ́ǹṣì ń mi orí sí i.

Ọmọ náà mọ̀ pé n kò yọjú. Òun ló ń kọ orúkọ àwọn tó bá wá. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni ì bá sọ: "Màmá kò wá." Kò sọ ọ́. Ó kúnlẹ̀ fún ọ lórí sìmẹ́ńtì, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ funfun lọ́rùn, ó ní, "Ẹ má bínú, mà." Lẹ́yìn náà ó gbójú sókè wò mí, ó dúró díẹ̀, bí ẹni tó ń fún mi láyè.

Ilẹ̀ ni mo wò.

Ìwọ á bi mí pé kí ló dé. Ẹ̀rù ló bà mí. Mo rò ó pé bí o bá gbọ́, o ó bínú lọ, èmi nìkan ni n ó sì wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Mo fi orúkọ ọmọ ọlọ́mọ ra ìjókòó rẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nítorí bẹ́ẹ̀ ló rí.

O sì jókòó. Ìyẹn ni n kò lè gbàgbé. Ní Ìbàdàn, nígbà tí wọ́n ti rọ́bà oníná gba ọ̀nà ọ̀fun mi láti fa omi inú àpò náà wò, ọwọ́ rẹ ni mo dì mú títí wọ́n fi ní kí o jáde. Nígbà tí wọ́n ń fún mi ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ṣáájú iṣẹ́ abẹ, nítorí pé wọ́n máa yọ ẹ̀yà kan tó lẹ̀ mọ́ ìrù páńkíríásì, tó ń bá wa lé àìsàn, ìwọ lo bi Dókítà Akọ́ládé, tó máa ṣe iṣẹ́ abẹ náà, ní ìbéèrè tí èmi gbàgbé. Wákàtí márùn-ún ni wọ́n fi ṣiṣẹ́ lára mi. Wọ́n ní ohun tí mo kọ́kọ́ sọ nígbà tí mo jí ni "ulé, ulé", bí a ṣe ń pe ilé níbí, tí nọ́ọ̀sì ọmọ Ìbàdàn kan rò pé orúkọ èèyàn ni, tó sì ń wá ẹni tó ń jẹ́ Ulé kiri. Ìwọ lo túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ọjọ́ mẹ́sàn-án lo fi sun orí ẹní nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, pẹ̀lú ọjọ́ orí wa yìí. Nígbà tí omi páńkíríásì ń jò gba inú rọ́bà ẹ̀gbẹ́ mi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó lé, tí wọn kò jẹ́ kí n lọ sílé, ojoojúmọ́ lò ń pè láti bi mí pé mélòó ló jò lónìí.

Nígbà tí èsì ohun tí wọ́n gé jáde dé, Dókítà Akọ́ládé jókòó sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì mi. Ó ní ara inú àpò náà ti ń yí padà, ó ti yí gan-an, ṣùgbọ́n kò tí ì bẹ́ jáde. Ó ní, "Jẹjẹrẹ ti dé ẹnu ọ̀nà, màmá. Kò tí ì wọlé." Mo bi í pé bí mo bá ti wá ní oṣù kẹfà ńkọ́. Ó ní, "N kò lè sọ. Ó ṣeé ṣe ká rí i nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo lè sọ ni pé orí yín bá yín ṣe é. Mo ti rí àwọn tó pẹ́ tó bí ẹ ṣe pẹ́, tí a kò lè gé ohunkóhun fún mọ́." Mo fi aṣọ bojú, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo sunkún. Ìwọ rò pé ayọ̀ nìkan ni.

Mo fẹ́ kó ọ̀rọ̀ yìí sínú lọ sí sàréè. Ṣùgbọ́n lóṣù tó kọjá, tí mo sọ fún ọ pé àyẹ̀wò dára, o ní, "Ọlọ́run ló gbà wá lọ́wọ́ ọmọ afọ́jú Ìlọrin yẹn." Mo dákẹ́ lórí fóònù. O rò pé nẹ́tíwọ̀kì ló lọ.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, wọ́n pè mí sí Ìlọrin nítorí ìwé ìfẹ̀yìntì mi. Bí mo ti ṣe tán níbẹ̀, mo lọ bá Fẹ́yìsayọ̀. N kò ya ilé rẹ. Òun ni ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa dé Ìlọrin tí n kò yà, ojú ló ń tì mí. Mo bá ọmọ náà lẹ́nu iṣẹ́, mo dúró títí ó fi ráyè, mo sì bẹ̀ ẹ́. Ó fẹ́ kúnlẹ̀, mo dì í mú. Ó ní, "Màmá, ọ̀rọ̀ aláìsàn kì í ṣe tèmi láti sọ fún ẹlòmíràn, ọ̀rẹ́ yín ì báà jẹ́. Ṣùgbọ́n ó dùn mí. Mo lọ sunkún nínú yàrá ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà." Ó nu ojú, ó wá ní, "Inú mi dùn pé ẹ padà wá. Àwọn mìíràn kì í padà wá." Ọmọ tó kọ́kọ́ rí ohun tó fẹ́ pa mí, tó tún gba èébú tó tọ́ sí mi mọ́ra, òun ló ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo wá gba ẹ̀mí ara mi là.

Ohun kan ni mo ń bẹ̀ ọ́ fún, Misturah: lọ rí i. Bí o ṣe máa sọ ọ́, ìwọ lo mọ̀. Ní tèmi, bí inú bá ń bí ọ, ó tọ́ sí mi, máa bínú. Ṣùgbọ́n má bínú lórí fóònù. Wá sí Ìlọfà wá bínú sí mi. Ṣúgà mi ṣì ń lọ sókè sódò, oògùn kan sì wà tí mo ní láti máa fi oúnjẹ gbé mì kí oúnjẹ náà tó lè dà, ṣùgbọ́n etí mi dá ṣáká. N ó jókòó, n ó sì gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Dókítà ní lọ́dọọdún ni wọ́n á máa wo ìyókù páńkíríásì mi títí lọ. Èyí tó kàn di oṣù kẹjọ ọdún tí ń bọ̀. Bí o bá bá mi lọ tàbí bí o kò bá mi lọ, mo máa lọ.

Kí Ọlọ́run tí àwa méjèèjì ń pè máa ṣọ́ ilé rẹ. Kí Àlàájì rí ìwòsàn. Kí ọmọ Asiat ṣe fún un ju bí ó ti ṣe fún ọ lọ. Kí o má ṣe aláìsàn, bí o bá sì ṣe é, kí o rí ẹni tó máa sun orí ẹní nítorí rẹ. Àmín.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láti kọ́lẹ́ẹ̀jì, tó ṣì fẹ́ máa jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ,

Ìbídùnní,
Ìyá Tófúnmi.

Àfikún: Bàbá Tófúnmi ló ní ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ mú lẹ́tà yìí wá. Mo ní kí ó fi í lé ọ lọ́wọ́ kí ó sì máa bọ̀, ó ní rárá, òun á jókòó títí o ó fi kà á tán. Bí o bá ti kà dé ibí, jọ̀wọ́, gbójú sókè kí o sọ nǹkan kan fún un, nítorí láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ti ń wo ojú rẹ. Ohunkóhun tí o bá sọ, bó ṣe rí gẹ́lẹ́ ni yóò mú un dé ọ̀dọ̀ mi. Kò mọ irọ́ pa.